Ẹyẹ Tó Ń Gún Ara Rẹ̀ Láyà Lókè Ẹnu Ọ̀nà Ṣọ́ọ̀ṣì

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí ní Òṣogbo. A fẹ́ tún iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ṣe, ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì ti di ìjà. Lórí àtẹ́rígbà ẹnu ọ̀nà àtijọ́, wọ́n gbẹ́ ẹyẹ kan tó ń fi ẹnu gún ara rẹ̀ láyà, tí ẹ̀jẹ̀ ń kán sílẹ̀. Ẹja wà lápá òsì rẹ̀, àgùntàn tó gbé àsíá wà lápá ọ̀tún, lẹ́tà IHC tó lọ́ mọ́ra wọn sì wà lókè pátápátá. Lára pákó ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, ọba mẹ́ta dé adé ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n gbé ẹrù dání. Àwọn kan ní àmì awo ni gbogbo rẹ̀, kí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, kí a ra ilẹ̀kùn onírin. Bàbá kan ní ẹja Òṣun ni ẹja yẹn. Ẹlòmíràn ní kí a wó orí ẹnu ọ̀nà tó ṣe ṣónṣó, pé ó jọ ti mọ́ṣáláṣí. Mo fi fọ́tò ránṣẹ́. Kí ni kí n bá wọn sọ ní ìpàdé?

Ìdáhùn: Ẹ bá mi sọ fún wọn pé kí bíríkìlà má tíì po sìmẹ́ńtì o. Mo ti wo fọ́tò mọ́kànlá tí ẹ fi ránṣẹ́, mo gbé wọn sórí kọ̀ǹpútà, mo fẹ̀ wọ́n títí ojú fi ń dùn mí. Àmì onígbàgbọ́ ni gbogbo ohun tó wà lókè ẹnu ọ̀nà yín, wọ́n sì ti wà láàárín onígbàgbọ́ kí ẹnikẹ́ni tó máa jẹ́ Áńgílíkà tàbí Mẹ́tọ́díìsì.

Ṣùgbọ́n mi ò ní bá yín fi ìgbìmọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ kọ “igba” sílẹ̀ láìfi àmì ohùn sí i, kí ẹ gbé e fún èèyàn mẹ́ta. Ọ̀kan á kà á ní igbá, èkejì á kà á ní ìgbà, ẹ̀kẹta á ní igba náírà ni. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà ni yóò sọ èyí tí ẹni tó kọ ọ́ ń wí. Báyìí náà ni àmì ara ilé rí, ẹ ò sì gbọdọ̀ ka ọ̀kan láìwo ohun tó yí i ká.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ẹyẹ bẹ̀rẹ̀, torí òun ló dá ìjà sílẹ̀.

Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá rí ẹyẹ àti ẹ̀jẹ̀ lójú kan náà kì í béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ẹlẹ́yẹ ni à ń pe àwọn ìyá. Ẹyẹ wà lórí adé ọba, ẹyẹ wà lórí ọ̀pá Ọ̀sanyìn, kò sì sí èyí tó kàn bà síbẹ̀ lásán. Ẹni tí wọ́n bí sí Òṣogbo, tó gbé ojú sókè lọ́jọ́ Ìsinmi tó rí ẹyẹ ẹlẹ́jẹ̀ lórí ṣọ́ọ̀ṣì, àyà rẹ̀ á já. Ó dáa, ẹ wá wo ìsàlẹ̀ ẹyẹ yín nínú fọ́tò kẹrin. Ìtẹ́ ló wà níbẹ̀, ọmọ mẹ́ta sì wà nínú ìtẹ́ náà tí wọ́n la ẹnu sókè gbàgà. Ẹyẹ tí àwọn èèyàn ń bẹ̀rù, ẹ̀jẹ̀ ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n ní ó ń mu. Ti yín yìí, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ló ń fún ọmọ mu.

Òfú ni ẹyẹ náà, òun kan náà ni Sáàmù 102 dárúkọ. Láyé àtijọ́, ìtàn kan wà nípa rẹ̀ tó kárí gbogbo agbègbè òkun tó wà láàárín Íjíbítì àti Yúróòpù. Wọ́n ní àwọn ọmọ òfú ṣe àfojúdi sí òbí wọn, òbí fi ìbínú lù wọ́n pa, ó wá jókòó tì wọ́n, ó ń sunkún. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó fi ẹnu ya ara rẹ̀, ó ro ẹ̀jẹ̀ sórí wọn, wọ́n sì jí dìde. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ “ọjọ́ kẹta” yẹn. Àwọn olùkọ́ ìjọ ìgbàanì náà gbọ́ ọ, wọn ò sì jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. Nígbà tó fi di ọ̀rúndún kẹtàlá, Thomas Aquinas, olùkọ́ ńlá nínú ìjọ Kátólíìkì, ń pe Jésù ní òfú nínú orin tó kọ fún Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, ó ní ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo tó láti wẹ gbogbo ayé mọ́. Láti ìgbà náà ni òfú ti ń wọ ara pẹpẹ, ara fèrèsé àti òkè ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Òfú gidi kì í gún ara rẹ̀ o. Àpò ńlá ló wà lábẹ́ ẹnu rẹ̀ tó fi ń kó ẹja. Tó bá fẹ́ bọ́ ọmọ, ó máa ń tẹ ẹnu yẹn mọ́ àyà kí ohun inú àpò lè jáde, ẹni tó ń wò ó lókèèrè á wá rò pé ó ń ṣe ara rẹ̀ léṣe. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ẹyẹ yín kò ní àpò rárá! Ọrùn rẹ̀ gùn, ó tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, ẹnu rẹ̀ sì mú bíi ti àṣá. Agbẹ́gilére yín kọ́ ló ṣìṣe. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbẹ́ ẹ nílẹ̀ Yúróòpù kò fojú kan òfú rí, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n ń wò kọ, àwòrán wọn ló sì dé ọwọ́ agbẹ́gilére tiwa. Àwa tí a ní orúkọ fún ẹyẹ yìí nínú èdè wa la wá ń wo iṣẹ́ àwọn tí kò rí i rí.

Bí ẹnìkan bá ṣì ń jiyàn ní ìpàdé, ẹ ní kó fi fóònù rẹ̀ wá àsíá ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà. Ẹyẹ náà wà láàárín rẹ̀ gbàgede, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta àti ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀.

Ní ti ẹja, bàbá yín sọ òótọ́, ó kàn kù díẹ̀ kó sọ ọ́ tán ni. Ta ni kò mọ ìtàn Láróòyè ní Òṣogbo, bí ẹja ńlá ṣe yọ lódò, tí ọba tẹ́wọ́ gbà á, tí oyè ìlú fi di Àtẹ́wọ́gbẹja, èyí tí a ń pè ní Àtáọ́ja lónìí? Ẹja ti jẹ́ ti ìlú yín kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé. Ṣùgbọ́n ẹ wo abẹ́ ikùn ẹja náà nínú fọ́tò kẹfà, níbi tí ọ̀dà ti ṣí. Lẹ́tà márùn-ún ni ohun tó jọ ibi tí igi ti sán níbẹ̀, lẹ́tà Gíríìkì sì ni: ΙΧΘΥΣ. Ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Gíríìkì ni “ẹja”. Tí ẹ bá wá mú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ohun tí ẹ máa rí ni Jésù, Kristi, ti Ọlọ́run, Ọmọ, Olùgbàlà. Àwọn onígbàgbọ́ ayé ọjọ́un fẹ́ràn irú eré ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 200, Tertullian, ọmọ Áfíríkà láti Kàtéèjì, ń kọ́ àwọn èèyàn nípa ìrìbọmi, ó pe àwọn onígbàgbọ́ ní ẹja kéékèèké tí a bí sínú omi lẹ́yìn Ẹja wọn, ìyẹn Jésù.

Ǹjẹ́ agbẹ́gilére yín mọ̀ pé ará Òṣogbo yóò rí ẹja Àtáọ́ja níbẹ̀? Mo rò pé ó mọ̀ dáadáa, inú rẹ̀ sì dùn sí i. Èrò tèmi nìyẹn, ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé.

Àgùntàn kò gba àlàyé púpọ̀. Jòhánù 1:29 ni, Ọ̀dọ́-àgùntàn Ọlọ́run, àsíá tó gbé sì jẹ́ àsíá ẹni tó ṣẹ́gun ikú. Ibi tí wọ́n gbé e sí gan-an ló wù mí. Ẹ ṣí Ẹ́kísódù 12. Ẹ̀jẹ̀ àgùntàn tí wọ́n pa lálẹ́ ọjọ́ Ìrékọjá, ara òpó méjèèjì àti ara àtẹ́rígbà ni Ọlọ́run ní kí wọ́n fi kùn. Àtẹ́rígbà náà ni Bíbélì Yorùbá pè é. Ẹni tó kọ́ ilé yín kò ṣèèṣì gbé àgùntàn síbẹ̀: gbogbo ẹni tó bá ń wọlé ní láti gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, bí àwọn tó wà ní Íjíbítì lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo mọ̀ pé orí àtẹ́rígbà náà ni àwọn bàbá wa máa ń so oògùn mọ́, ìdí nìyẹn tí ara fi ń fu àwọn èèyàn yín. Ibi kan náà, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

IHC yẹn ti kó mi sí wàhálà rí. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, wọ́n gbé wa lọ ha ọ̀dà ara ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì kan tí kì í ṣe ti Òṣogbo. Ọ̀dà mẹ́rin ló wà lórí ara wọn: aláwọ̀ ewé, funfun, ti eérú, òmíràn tó dà bí ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni mo ti rí lẹ́tà mẹ́ta yìí. Ọ̀gá mi wò ó, ó ní, “Ẹni tó gbẹ́ eléyìí kò mọ̀wé, IHS ló yẹ kó jẹ́.” Ó fún mi ní ṣísẹ́ẹ̀lì. Ìdajì wákàtí ni mo fi sọ C di S, ó sì rí bí ejò tó jẹ ohun tó ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ó ju ọdún mẹ́wàá lọ lẹ́yìn náà kí n tó mọ̀ pé àwa la ò mọ̀wé.

Orúkọ Jésù lédè Gíríìkì ni ΙΗΣΟΥΣ, lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ ni wọ́n sì máa ń mú láti gé e kúrú. Lẹ́tà àárín yẹn kì í ṣe H tiwa, ohùn “e” gígùn ni. Ẹ̀kẹta ni sígmà, tí àwọn akọ̀wé àtijọ́ ń kọ bíi C. Nítorí náà IHC pé, kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀. Ìgbà tí àwọn onílátìnì fi lẹ́tà tiwọn rọ́pò sígmà ló di IHS. Ẹ tún wo àgbélébùú kékeré tó jáde lórí lẹ́tà àárín. Nígbà tí akọ̀wé bá gé ọ̀rọ̀ kúrú, ó máa ń fa ìlà kan sókè rẹ̀ kí òǹkàwé lè mọ̀. Ìlà yẹn gba ara igi h kékeré tó ga kọjá, ojú wá bẹ̀rẹ̀ sí í rí àgbélébùú níbẹ̀, ọwọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Bernardino ará Siena, tó kú ní 1444, máa ń gbé àmì yìí sókè níwájú èrò níbi tó bá ti ń wàásù, pẹ̀lú ìtànṣán oòrùn yí i ká. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn Jésúìtì, ẹgbẹ́ àlùfáà Kátólíìkì kan, mú un. Àwọn akọrin wa tó ń sọ pé “I Have Suffered” (mo ti jìyà) ni IHS, ẹ bá mi kí wọn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku orí ẹnu ọ̀nà tó ṣe ṣónṣó. Ẹni tó ní ó jọ ti mọ́ṣáláṣí kò parọ́ o, ìtàn wà lẹ́yìn rẹ̀. Mọ́ṣáláṣí Ibn Tulun ní Káírò, tí wọ́n parí ní 879, orí ṣónṣó ló kún inú rẹ̀. Ó lé ní igba ó lé àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ìyẹn kí Suger, olórí ilé àwọn mọ́ńkì ní Saint-Denis lẹ́bàá Párís, tó fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní àwọn ọdún 1140, níbi tí àṣà tí wọ́n ń pè ní Gothic ti bẹ̀rẹ̀. Ọgbọ́n ìkọ́lé ni lákọ̀ọ́kọ́. Orí tó rí roboto máa ń ti ògiri sẹ́gbẹ̀ẹ́ gan-an. Èyí tó ṣe ṣónṣó ń da ẹrù sísàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ilé sì lè ga láìya. Ìgbà tó yá ni àwọn èèyàn ń sọ pé ọwọ́ méjì tó ń gbàdúrà ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Pugin, ayàwòrán ilé, jà fitafita pé Gothic yìí nìkan ni àrà ilé tó yẹ onígbàgbọ́, àwọn míṣánnárì sì gbé ojú yẹn wọ ọkọ̀ ojú omi wá bá wa.

Ní Èkó, João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà tó ti Bràsíìlì dé, ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Irú ọwọ́ àwọn Àgùdà yìí kan náà wà lára ṣọ́ọ̀ṣì, ó wà lára ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn bàbá wa. Bí ẹ bá wó tiyín torí ó jọ ti mùsùlùmí, a jẹ́ pé àwọn náà á wó tiwọn torí ó jọ tiyín, Òṣogbo á sì di ahoro kí oṣù tó parí. Ohun tó sọ tiyín di ti ṣọ́ọ̀ṣì ni ewé alápá mẹ́ta tí wọ́n gbẹ́ sínú ṣónṣó rẹ̀. Mẹ́talọ́kan nìyẹn.

Ọba mẹ́ta ara pákó ni mo fẹ́ràn jù. Mátíù 2 kò pè wọ́n ní ọba, amòye ló pè wọ́n, kò sì sọ pé mẹ́ta ni wọ́n. Ẹ̀bùn mẹ́ta ni àwọn èèyàn fi ka iye wọn. Ẹ wo ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn: ìràwọ̀ lókè adé ti àárín, obìnrin tó gbé ọmọ lé ẹsẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Ẹni tó gbẹ́ ẹ rò ó pé, bí ọba bá fẹ́ lọ kí ọba, adé ìlẹ̀kẹ̀ ni yóò dé, ìbòjú rẹ̀ á sì sọ̀ kalẹ̀.

Èrò yẹn ní orísun tó ṣe é tọ́ka sí. Ní 1947, àwọn Fadá méjì láti ẹgbẹ́ míṣánnárì Kátólíìkì tí wọ́n ń pè ní SMA, Kevin Carroll àti Sean O'Mahony, dá ilé iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ó sì wà títí di 1954. Wọn kò fún àwọn agbẹ́gilére ní ère òyìnbó pé kí wọ́n wò ó ṣe. Wọ́n pe Bándélé, ọmọ Àreògún ti Òsì-Ìlọrin, ẹni tí bàbá rẹ̀ ti gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin, wọ́n ní kó gbẹ́ ìtàn Bíbélì bí bàbá rẹ̀ ṣe ń gbẹ́ nǹkan. Lámídì Fákẹ́yẹ láti Ìlá Ọ̀ràngún, tí kò jìnnà sí yín, kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé níbẹ̀. Mùsùlùmí ni Fákẹ́yẹ, ó sì gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì, títí kan èyí tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ìlànà ilẹ̀kùn ààfin ni tiyín náà tẹ̀ lé: pákó pín sí yàrá yàrá, orí èèyàn tóbi ju ara lọ, gbogbo wọn sì kọjú sí wa.

Irú ìjà yìí kì í ṣe tuntun ní Òṣogbo. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Dúró Ládiípọ̀, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ katikíìsì, gbé ìlù wọ inú orin Àjíǹde tó ṣe fún ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀, ọ̀rọ̀ sì di awuyewuye. Lónìí, ṣọ́ọ̀ṣì wo ni kò ní gángan?

Nípa iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe: sìmẹ́ńtì lórí ògiri amọ̀ àtijọ́ kò dáa, ẹ̀yìn rẹ̀ á máa mu omi, á wú, á sì ya lulẹ̀ pẹ̀lú ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, nítorí náà ẹni tó bá ń ha á kó bo imú, kí ọmọdé má sì wà nítòsí. Ẹ fi ọ̀bẹ gún ìdí pákó ilẹ̀kùn wò bóyá ikán ti wọ̀ ọ́. Bí ìgbìmọ̀ bá ta kú pé àwọn fẹ́ ilẹ̀kùn onírin nítorí olè, ẹ gbé e sínú ìloro, lẹ́yìn ti onígi, kí ti onígi máa ṣí lójú ìsìn. Mùsíọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ wà ní Òṣogbo yín níbẹ̀. Ẹ pè wọ́n wá wò ó kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ohun kan ṣì wà tí ẹ ò béèrè. Nínú fọ́tò kẹsàn-án, lára òpó ọ̀tún, níbi tó bá ìbàdí ọkùnrin dọ́gba, mo rí òdòdó eléwé mẹ́fà nínú òbìrí, ìlà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Irú rẹ̀ pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Níbẹ̀, ọ̀pọ̀ gbà pé àwọn ará ìjọ ló ń yà á kí ibi má baà wọlé, nítorí náà àwọn tó ń pariwo awo nínú ìgbìmọ̀ yín kò jìnnà sí òótọ́ lórí ọ̀kan yìí. Ṣùgbọ́n káfíńtà náà máa ń yà á láti fi dán kọ́ńpáàsì wò. Ẹnu ọ̀nà yín kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹ lọ síbẹ̀ ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán, nígbà tí oòrùn bá ń rá gba ara ògiri kọjá, ìlà tó fara sin á yọ. Ẹ wo àárín òdòdó náà bóyá ihò abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, ẹ wò ó bóyá òmíràn wà lára òpó òsì, kí ẹ sì tún fọ́tò rẹ̀ yà fún mi.